Làtífù Onítẹlifíṣọ̀n Páálí

Bí ẹ bá pàdé ọmọ Yorùbá kan tó ná ọjà Deira ní Dubai láyé ọjọ́un, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Làtífù àti fíríìsà. Yóò ní, "Ó ṣojú mi kòró!" Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí gbogbo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ bá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ọkọ̀ kankan kì bá tí rí ọ̀nà kọjá ní gbogbo Deira. Ẹni tó ṣojú rẹ̀ ní tòdodo ni Ganiat, nítorí òun ló ni fíríìsà.

Ọdún 1992 ni, nínú oṣù kẹjọ, lọ́sàn-án gangan. Ganiat máa ń ra fíríìsà àti fáànù ní Dubai lọ tà ní Èkó. Lọ́jọ́ yìí, ó ti ra fíríìsà funfun ńlá kan, ó dúró tì í níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń retí oníkágò tí yóò wá dì í. Làtífù ni oníkágò náà. Nígbà tó dé, kò mú okùn dání, kò mú páálí dání. Ó kí Ganiat tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fa igi tí àwọn télọ̀ ń ká òwú mọ́ yọ lápò, ó gbé e sẹ́nu bíi máìkì, ó sì kọjú sí fíríìsà.

"Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀dọ̀ Alhaja Fíríìsà la wà báyìí. Wọ́n ń múra àtilọ sí Èkó. Alhaja, kí lẹ rí sí ìrìn àjò yìí?"

Ó na igi òwú sí fíríìsà, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ? Wọ́n ní àwọn ò bẹ̀rù Èkó rárá. NEPA nìkan làwọn ń bẹ̀rù."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ọmọ Nàìjíríà dúró, ará India dúró, ará Pakistan dúró. Ganiat ń bẹ̀ ẹ́, "Brọ̀dá Làtífù, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ń pa wá." Làtífù ní ó kù díẹ̀, ó ní Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọlọ́pàá kan fi la èrò kọjá.

"Shu hada? What is this?"

"Interview, sir," ni Làtífù dáhùn.

"Interview with who?"

"With this lady."

Ọlọ́pàá wo fíríìsà. Ó wo Làtífù. Ó tún wo fíríìsà. Ganiat rò pé àtìmọ́lé ló kàn.

"And what she say?"

"She say she is too hot, sir."

Ọlọ́pàá na ọwọ́, ó fi kan orí fíríìsà, ó sì yára fà á padà, nítorí irin náà gbóná bí ìkòkò orí iná. "Sah," ló wí. "She is right. Yalla, khalas. Take her inside." Òun gan-an ló bá wọn tì í wọ ibòòji.

Ganiat ti múra èébú sílẹ̀ de Làtífù, èébú tó dára, èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe la ẹnu, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí fíríìsà, ó jó o nídìí, ó fò dìde, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kí ọdún náà tó parí, ó ti mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, kò tún sí ẹlòmíràn. Báyìí ni ìfẹ́ òun àti Làtífù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ibẹ̀ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Jùwọ́n wà láàárín èrò. Aládùúgbò bàbá Ganiat ní Àgége ni Jùwọ́n, òun náà wá ra ọjà. Ìròyìn fíríìsà dé Àgége kí ẹrù Jùwọ́n tó kúrò ní èbúté.

Ta tilẹ̀ ni Làtífù? Ọmọ Ìwó ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín rárá. Bí gbogbo ilé bá ń yí gbiri nílẹ̀, òun á máa wò wọ́n bí ọ̀gá ilé ìwé. Sharjah ló ń gbé nítorí ilé dínwó níbẹ̀ ju Dubai lọ. Òun àti Kàbírù, ọmọ ìlú rẹ̀ tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n jọ wà nínú yàrá kan ní àdúgbò Rolla. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Deira lọ di ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ kágò, iṣẹ́ ìdúró ni. Oníṣòwò á dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ á dúró de ìwé, ìwé á dúró de ọ̀gá tó lọ jẹun. Ibi tí èèyàn bá ti dúró pẹ́, ìjà kì í jìnnà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn obìnrin méjì ti fẹ́ fa ara wọn láṣọ ya, Làtífù mú páálí tẹlifíṣọ̀n tó ṣófo, ó fi ọ̀bẹ gé iwájú rẹ̀, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìròyìn ọ̀la nìyí, nítorí tòní ti ṣojú yín. Omi Creek tó la Dubai kọjá ti tọ ìjọba lọ, ó ní òun fẹ́ gba ìsinmi, pé ó ti rẹ òun láti máa gbé ọkọ̀ lọ, kí òun máa gbé e bọ̀. Ìjọba ní kó kọ́kọ́ wá omi mìíràn tí yóò dúró fún un. Eré ìdárayá. Níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàtà ẹsẹ̀ òsì na bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún láyò méjì sí òdo. Ẹni tó ni wọ́n ṣì ń wá wọn kiri. Ojú ọjọ́. Lọ́la, oòrùn yóò ràn. Lọ́túùnla, oòrùn yóò ràn. Lọ́jọ́ tó bá tẹ̀lé e, oòrùn yóò bi yín bóyá òun ti sú yín."

Raliat tó ń ta léèsì, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ń pariwo lọ ní tirẹ̀. Làtífù yí páálí sí i díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ má fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n yín. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yìí kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ yín. Raliat ni." Raliat gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ó ti máa ń béèrè, bó bá ti wọlé, pé ṣé wọ́n ti dárúkọ òun nínú ìròyìn.

Bí ènìyàn bá di òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó yẹ kó ní kóòtù. Làtífù gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lọ bá télọ̀ ará Pakistan kan ní Satwa. Ó fún un ní aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́. Télọ̀ náà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

"Bhai, front side okay. Back side?"

"No back side. In television, nobody is standing for back."

"But bhai, people will laugh!"

"Inshallah," ni Làtífù wí.

Bó ṣe di kóòtù iwájú nìkan nìyẹn. Kọ́là wà, bọ́tìnnì wà, àpò wà, ọwọ́ méjèèjì pé. Lẹ́yìn, okùn méjì tí wọ́n so pọ̀ ni, àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í yíjú. Gbogbo ara ló máa ń fi pa dà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọkọ̀ àjàgbé tó ń wá ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Nígbà tí Ganiat sọ fún bàbá rẹ̀ nílé pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ọ̀rọ̀ tí Jùwọ́n gbìn ti hù. Alhaji Àmúsà ni bàbá náà ń jẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe ní Apápá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì tíì fẹ̀yìn tì lára wọn. Bí wọ́n bá ra búrẹ́dì, wọ́n á tú u wò.

"Ṣé òun ni ẹni tó ń bá fíríìsà sọ̀rọ̀?"

"Bàbá, àwàdà ló ń ṣe."

"Ṣé fíríìsà dá a lóhùn?"

Ganiat mọ̀ pé kò yẹ kí òun rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

"Ganiat, gbọ́ mi. Páálí tí mo ṣí láyé mi ò lóǹkà. Mo ti rí páálí tí wọ́n kọ bisikíìtì sí lára tó jẹ́ ọtí ló wà nínú ẹ̀. Èmi kì í gba ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí gbọ́, àfi kí n ṣí i wò. Jẹ́ kó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, kí n rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Tí Iléyá bá dé tí n kò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀, kí n má gbọ́ orúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Ó le. Ọ̀gá tó gba Làtífù síṣẹ́ ló ń tọ́jú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, àsìkò ìsinmi rẹ̀ sì ṣì jìnnà. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ganiat kì í sì í ṣe ọmọ tí yóò fẹ́ ọkọ tí bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú gbé e padà sí Sharjah, kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó rò ó fún Làtífù, omi sì ń jáde lójú rẹ̀.

Làtífù ronú. Ojú rẹ̀ ò yí padà. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìdọ̀bálẹ̀ mi, àbí? Wọn ò ní àwọn fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi. Tí ẹsẹ̀ ò bá lè dé Àgége, àyà mi á débẹ̀."

Ó yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ará India kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Rolla. Wọ́n lé Ganiat jáde nínú yàrá, nítorí ìyàwó kì í dúró wo ìdọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe. Òun àti Kàbírù ló kù. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Làtífù di kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́ inú páálí kékeré, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò ó ṣáájú Bàbá. Ganiat gbé e lọ sí Èkó láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé òun náà ti di ẹni tó ń gbé páálí tí kò ṣí wò?

Ní pálọ̀ Àgége, Bàbá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, awò ojú wọn wà lójú. Asiat, ìyá Ganiat, jókòó tì wọ́n. Jùwọ́n náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ganiat ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ.

Làtífù yọ nínú kóòtù aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú táì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àga onítìmùtìmù kan wà tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Ẹ kú ìkàlẹ̀, Màmá. Ètò tòní ni Ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin la tẹ́ àga yìí sílẹ̀ dè. Ẹnikẹ́ni ò ní í jókòó sí i títí ẹ ó fi dé. Èmi Làtífù ọmọ Ìwó, mo dọ̀bálẹ̀ o."

Ó sì pòórá.

Ohun tó kù lójú tẹlifíṣọ̀n ni àga, ògiri, àti fáànù tó ń yí. Kámẹ́rà wà lórí ìdúró rẹ̀ níbi tí orí èèyàn ń dé, Làtífù sì wà nílẹ̀ lábẹ́ ibi tó lè rí. Bàbá yọ awò, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ibo ló gbà lọ?"

Jùwọ́n ń mi orí bí ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó ń rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún díẹ̀, ilẹ̀ ò gbà mí."

"Kàbírù?"

"Sà."

"Ta ló wà nídìí kámẹ́rà?"

"Èmi ni, sà."

"Ibo lo wà báyìí?"

"Mo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, sà."

Fáànù yí lọ, ó yí bọ̀.

"Kàbírù, kí ló dé tí o fi kámẹ́rà sílẹ̀?"

"Haba, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ ń dọ̀bálẹ̀ fún àna yín, kí èmi wá dúró gbagidi bí òpó iná? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé."

"Òótọ́ ló sọ," ni Asiat wí.

"Ó dáa," ni ohùn Làtífù wí. "Ṣé Bàbá ti ní ká dìde?"

"N ò tíì gbọ́ o."

"A jẹ́ pé ibí la wà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà lóòótọ́. Bàbá tẹjú mọ́ àga náà bí wọ́n ṣe máa ń tẹjú mọ́ ẹrù ní Apápá. Ganiat ń wo ojú wọn, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn. Àfi gbàà, NEPA múná lọ.

Wọ́n jẹun ọ̀sán. Bàbá kírun. Jùwọ́n ní òun ń lọ, kò lọ. Nígbà tí iná dé, Ganiat tẹ ẹ̀rọ, àga sì tún yọ, ó ṣófo bó ṣe wà.

"Kàbírù, ṣé o ti sùn ni?"

"Rárá, sà. Mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ lọ."

Bàbá yíjú sí Ganiat. "Ṣé wọ́n ṣì wà nílẹ̀ láti àárọ̀?"

"Bàbá, fídíò ni."

"Mo mọ̀ pé fídíò ni. Mo ní, ṣé wọ́n ṣì wà nílẹ̀?"

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, sà."

Bàbá gbin. Wọn ò tíì parí rẹ̀ tí ohùn mìíràn fi dé nínú tẹlifíṣọ̀n. Ládàánì mọ́sálásí kan ní Sharjah ló ń pe ìrun, ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá nàró lórí àga wọn. Ọ̀rọ̀ ìrun, Bàbá kì í bá a ṣeré.

"Wọ́n ń pèrun," ni wọ́n wí. "Èèyàn kì í wà nílẹ̀ fún èèyàn nígbà tí Ọlọ́run bá ń pè. Dìde, ọmọ mi."

Orí Làtífù sì yọ láti ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, táì rẹ̀ ti wọ́ lọ sétí.

"A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó dé, ṣùgbọ́n ẹ dé. Ẹ jókòó."

Ó yíjú sí àga náà láti nù ún fún wọn, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn síta: okùn méjì, síńgílẹ́ẹ̀tì, àti ihò kan nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ganiat kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó wá di ẹ̀rín, ó gbé awò jù sílẹ̀. "Iwájú kóòtù, ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì!" Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ganiat, ọkùnrin tó bá jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn òun, kò kó nǹkan kan pamọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kó kọjá."

Ganiat sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ dípò kó kúnlẹ̀. Àti Asiat àti Jùwọ́n ló gbé e dìde. Nígbà tó sì padà dé Sharjah tó ròyìn rẹ̀, kò ya Làtífù lẹ́nu rárá.

"Bàbá ní kí n dìde, mo gbọ́," ló wí.

"Ládàánì lẹ gbọ́, Brọ̀dá Làtífù."

"Mo gbọ́ tàwọn méjèèjì." Títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n so yìgì, wọ́n gba ilé tiwọn ní Sharjah, wọ́n bí Rodiat. Àga náà bá wọn dé ilé tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó sí i. Bí àlejò bá fẹ́ jókòó, Làtífù á ní, "Ẹ má bínú, ẹnì kan ń bọ̀." Ọ̀gá rẹ̀ wá kí wọn nígbà kan, orí ẹní ló jókòó sí. Bàbá ò wá ṣá. Ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú ń bà wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í wọ ohun tí àwọn ò lè sọ̀ nínú rẹ̀ kí àwọn wo abẹ́ rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ìdọ̀bálẹ̀ ní tirẹ̀ rìn gbogbo Àgége já. Wọ́n yá a, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Làtífù kó ṣe tiwọn, kí wọ́n lè fi kí ará ilé. Inú ẹrù kágò ni ètò rẹ̀ ń gbà lọ sílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago àti ìkòkò. Ó fọ̀rọ̀ wá ọ̀pẹ lẹ́nu wò ní Al Karama, ó bá àtẹ̀gùn ilé kan jà pé ó ń gòkè ju bó ṣe yẹ lọ. Oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ kan ní Sharjah gbà á pé kó wá máa jókòó sínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ kúrò. Ìyá àgbà ará Syria kan wò ó títí, ó ní òun ń rà á, ó sì bínú gidi nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn kì í ta èyí tó ń mí.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣe gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́dún 1997, tí wọ́n pè é síbi ètò òwúrọ̀ wọn. Obìnrin tó ń darí ètò bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"I am a television."

"You mean you want to be on television?"

"No, madam. You are on television. Me, I am the television. Since morning I have been watching you. Very nice programme."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi lọ sí ìpolówó ọjà. Àgbàlagbà Lárúbáwá tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ wà ní ìjókòó. Nígbà tí ètò parí, Làtífù rántí pé kóòtù òun kò lẹ́yìn. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde díẹ̀díẹ̀ láti iwájú ọ̀gá náà títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sáyà. "Mashallah! See how they respect elders in his country." Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n fún un ní àyè tirẹ̀ láti máa ka Ìròyìn Ọ̀la. Kóòtù tí kò lẹ́yìn ló fún un níṣẹ́ tó níyì jù láyé rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rán ẹ̀yìn sí i mọ́.

Ní ìparí ọdún 1999, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, Làtífù ń wọ kóòtù náà lọ́wọ́ nígbà tó ní àyà ń dun òun. Ganiat rò pé ó ń ṣeré. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣeré, báwo ni èèyàn ṣe máa mọ ìgbà tó dáwọ́ dúró? Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín sí Sharjah. Òjò ẹkún ni, kò sì sí ìròyìn ọ̀la kankan tó sọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó dùn Ganiat dé egungun. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sì ń bà á lẹ́rù pé òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ó ṣì ń ṣe opó nígbà tí Kàbírù kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò dá wá. Bàbá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Wọ́n ti gbọ́njú mọ́ ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ ogbó.

"Ṣé ẹ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, Bàbá?" Ganiat ò mọ ìgbà tó bi wọ́n.

"Wọn ò jẹ́ kí n wò ó. Mo kàn wọ̀ ọ́ ni." Wọ́n gbá a mọ́ra, ó sunkún sí wọn láyà títí aṣọ wọn fi rin.

Nígbà tí Bàbá gbójú sókè, wọ́n rí àga náà lábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀. "Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, sà."

Bàbá jókòó. Wọ́n gbé Rodiat lé itan. Kàbírù ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Làtífù yọ, ó kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀, ó pòórá. Àga ṣófo lójú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ohùn Kàbírù sọ pé ilẹ̀ ò gba òun, Kàbírù gan-an bojú. Nígbà tó dé orí òpó iná, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ganiat láìròtẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìsà lọ́jọ́un. Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lọ ní tirẹ̀. Kò gbàgbé. Ó wà níbẹ̀.

Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ganiat yíjú sí Bàbá.

"Dìde, ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Orí Làtífù yọ, táì rẹ̀ ti wọ́ lọ sétí. "A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó dé, ṣùgbọ́n ẹ dé. Ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó, Làtífù," ni Bàbá dáhùn.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, Làtífù yíjú, ó kọ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga. Bàbá gbé Rodiat sókè díẹ̀, wọ́n sì sún, kí Làtífù lè rí ibi tí wọ́n jókòó sí nù.